Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wa kú láàárín ọ̀sà: ṣé ká ra èyí tó jù ú lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde la dáwó jọ ra ọkọ̀ fáíbà àlòkù kan, ẹsẹ̀ bàtà 19 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní fífẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì alágbára ẹṣin 40 tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ìgbafẹ́ nìkan la fi ń ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin, àwa mẹ́sàn-án wọ̀ ọ́ láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìwópin, pẹ̀lú kúlà ńlá kan àti tánkì epo lítà 25 kan. Nígbà tí à ń padà bọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó sì kú. A fà á títí, kò dáhùn. Gbogbo èèyàn dìde lọ wò ó, ni omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdí ọkọ̀ wọlé, afẹ́fẹ́ sì ń gbé wa lọ sínú koríko omi, a kò sì ní ìdákọ̀ró. Ẹnì kan ló ṣèèṣì ṣí ìdérí tánkì, ẹ́ńjìnì sì jí. A wá rí i pé rọ́bà tí à ń fún lójú páìpù epo ti lẹ̀ pẹlẹbẹ. Àwọn kan nínú wa ní ká ra ẹ́ńjìnì 75. Àwọn mìíràn ní ká máa dúró dìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ká tó padà, torí pé afẹ́fẹ́ máa ń rọlẹ̀ lálẹ́. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ẹ kú orí ire. Ẹ má ra ẹ́ńjìnì 75 o. Kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnì yín. Afẹ́fẹ́ ni kò rọ́nà wọ inú tánkì. Ohun tó fẹ́ẹ́ gbé yín lọ lọ́jọ́ yẹn kò sì sí lára ẹ́ńjìnì rárá. Èèyàn mẹ́sàn-án ni, tí gbogbo wọn rọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nínú ọkọ̀ tí kò ní ìdákọ̀ró. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ẹ́ńjìnì, nítorí òun ló rọrùn.

Lórí ìdérí tánkì epo tó ṣeé gbé kiri, ìdè kékeré kan wà tí a máa ń fi ọwọ́ yí. Bí tánkì bá wà nínú mọ́tò, a máa ń dì í kí epo má baà rùn. Bí a bá fẹ́ ta ẹ́ńjìnì, a gbọ́dọ̀ tú u, nítorí bí epo ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá rọ́nà wọlé, ẹ́ńjìnì á máa fa epo, tánkì náà á máa fà á padà, títí rọ́bà yẹn á fi lẹ̀ mọ́ra. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gẹ́rẹ́ tí ẹ ṣí ìdérí ló jí. Kí ló wá dé tí kò kú láti èbúté? Ó jọ pé nígbà tí ẹ gúnlẹ̀ ní Ìwópin, ẹnì kan rí ìdè náà ní títú, ó rò pé ìgbàgbé ni, ó sì dì í. Tánkì ti lọ sílẹ̀ nígbà náà, afẹ́fẹ́ tó wà lókè epo sì pọ̀ tó láti gbé yín dé àárín ọ̀sà. Ká ní tánkì kún ni, ibi tí ẹ ti ń tú okùn ni ì bá ti dákú. Ẹ fi ọ̀dà pupa ya ọfà sí ìdérí náà kó máa fi ọ̀nà títú hàn, kó sì jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo láti máa fọwọ́ kàn án kí ẹ tó kúrò níbikíbi.

Rọ́bà yẹn náà á máa sọ fún yín ibi tí àìsàn wà, bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń fọwọ́ kàn án. Bó bá lẹ̀ bí ìdè tilẹ̀ wà ní títú, nǹkan ló dí ọ̀nà epo: bóyá asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá tó ń fa epo nínú tánkì ti dí, tàbí awọ inú páìpù ti bó, ó sì ń dí ọ̀nà. Bí ẹ bá fún un títí tí kò le, tánkì ti gbẹ, tàbí kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé. Ẹ wo òrùka rọ́bà kékeré tó wà níbi tí páìpù ti so mọ́ ẹ́ńjìnì, òun ló máa ń kọ́kọ́ là. Bí rọ́bà bá wá le koránkorán tí ẹ́ńjìnì kò sì dáhùn, epo ń dé ibẹ̀, ẹ fi ti epo sílẹ̀, kí ẹ lọ wo púlọ́ọ̀gì àti okùn pupa tó ń pa ẹ́ńjìnì bó bá yọ, tí màá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú. Bí ẹ bá ń fún rọ́bà, ẹ gbé e dúró, kí ọfà ara rẹ̀ kọjú sókè.

Ní ti epo fúnra rẹ̀, lítà 25 kò tó ìrìn yẹn. Ẹ́ńjìnì 40 tó ń mu epo àpòpọ̀ lè mu nǹkan bíi lítà 18 sí 20 láàárín wákàtí kan bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán. Òfin àwọn atukọ̀ ni pé ká pín epo sí mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Bí àlọ bá gbà yín ní wákàtí kan, lítà 60 ni kí ẹ gbé kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni kí ẹ máa pò mọ́ ọn, kì í ṣe ti ọ̀kadà. Èyí tó wọ́pọ̀ ni ìdá kan ọ́ìlì sí àádọ́ta epo, ìyẹn ìdajì lítà sínú lítà 25, àmọ́ ohun tí ìwé ẹ́ńjìnì yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí ẹ tó da epo sí tánkì, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi tó bá wà nínú rẹ̀ á ti sọ̀ sílẹ̀, ojú á sì rí i.

Ó tó báyìí lórí ẹ́ńjìnì. Ẹ jẹ́ ká wá ka èèyàn.

Fún ọkọ̀ oníkùn kan tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20, a máa ń sọ gígùn di ìlọ́po fífẹ̀, ká wá fi 15 pín in. Tiyín á jẹ́ 19 lọ́nà 6, ìyẹn 114. Bí ẹ bá fi 15 pín in, ó di 7 lé díẹ̀. Èèyàn méje nìyẹn, lójú omi tó dákẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò sì ju nǹkan bíi kílò 68 lọ. Ẹ̀yin náà mọ iye èèyàn tí kò ju kílò 68 lọ nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín. Kúlà lítà 60 tó kún fún yìnyín àti ohun mímu súnmọ́ èèyàn kan ní ìwọ̀n, epo lítà 60 náà lé ní kílò 40. Nítorí náà, èèyàn márùn-ún ni ọkọ̀ yín ń gbé bí kúlà bá wà níbẹ̀, mẹ́fà bí kò bá sí. Ìjọba kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka kúlà mọ́ èrò, ṣùgbọ́n omi ń kà á.

Ìwọ̀n nìkan kọ́ o. Ibi tí ìwọ̀n wà ló máa ń dojú ọkọ̀ dé. Ẹ́ńjìnì 40 nìkan súnmọ́ kílò 70 sí 75, ìdí ọkọ̀ ló wà, níbi tí igi etí ọkọ̀ ti máa ń rẹlẹ̀ jù nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ fún ẹ́ńjìnì. Èèyàn mẹ́rin tó bá lọ dúró tì í tún fi bíi kílò 300 lé e. Ìdí á rì, imú á gbé sókè, ìgbì tí kò ju orúnkún ọmọdé lọ á sì wọlé. Bí omi bá ti wà nínú ọkọ̀, kì í dúró sójú kan. Ibi tó bá ti rẹlẹ̀ ló ń ṣàn lọ, ìdí kan náà ni. Lítà 100 ni kílò 100. Ẹ́ńjìnì 75 tí wọ́n ní kí ẹ rà lé ní kílò 100, ìdí yìí kan náà ni ẹ máa gbé e kọ́. Ẹ wo àwo irin kékeré tó wà lára ọkọ̀, bí ẹni tó tà á fún yín kò bá tíì yọ ọ́. Agbára ẹ́ńjìnì tó ga jù lọ tí wọ́n fọwọ́ sí máa ń wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá kú, ẹni tó ń tukọ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó jókòó sí. Kí ó pariwo pé kí gbogbo èèyàn jókòó, kó sì ka orí wọn. Ẹnì kan tó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á gba àárín ọkọ̀ lọ síwájú, tí yóò tẹ̀ ba bí ó ti ń lọ, yóò sì ju ìdákọ̀ró. Ìgbà tí ìdákọ̀ró bá ti mú ilẹ̀, tí imú ọkọ̀ sì ti kọjú sí afẹ́fẹ́, la tó máa wo ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fa okùn ẹ́ńjìnì fún ìdajì wákàtí nígbà tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ sínú àkàjà àwọn apẹja (igi tí wọ́n gún sínú omi láti fi kó ẹja jọ), àwọ̀n á wá wé mọ́ abẹ́ ẹ́ńjìnì, wàhálà kan á di méjì.

Ọ̀sà tiwa yìí bá ìdákọ̀ró mu gan-an. Apá tó pọ̀ jù nínú ọ̀sà Lẹ́kì, tí ẹ ń là kọjá lọ sí Ìwópin, kò jìn ju mítà 3 lọ, ibi tó jìn jù kò sì ju bíi mítà 6 àti díẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ló wà nísàlẹ̀. Ìdákọ̀ró oníka mẹ́rin tó dà bí ìkọ́, tí wọ́n ń tà káàkiri, dára láàárín gbòǹgbò àti òkúta. Nínú ẹrẹ̀, ńṣe ló ń wọ́ kiri. Ẹ ra oníka méjì pẹlẹbẹ, irú èyí tí ìka rẹ̀ méjèèjì ń yí sókè sódò lórí ọ̀pá kan, kílò 5 ó kéré tán. Ẹ so ṣéènì mítà 2 sí 3 mọ́ ọn, kí ẹ sì so okùn náílọ́ọ̀nù tó nípọn tó mìlímítà 10 tàbí 12 mọ́ ṣéènì, kó gùn tó mítà 40. Ìdí tí ṣéènì fi wà ni pé ìwọ̀n rẹ̀ ló ń tẹ ọ̀pá ìdákọ̀ró mọ́lẹ̀ kí ìka rẹ̀ lè wọlé. Bí okùn bá fà á sókè, á tú.

Okùn tí ẹ máa tú sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún sí méje láti etí ọkọ̀ dé ìsàlẹ̀ omi. Omi mítà 3, etí ọkọ̀ ìdajì mítà: mítà 3 àti ààbọ̀ lọ́nà méje jẹ́ nǹkan bíi mítà 25. Okùn mítà 5 nínú omi mítà 3 kò lè dá ohunkóhun dúró. Ẹ fi ọ̀dà tàbí aṣọ pupa sàmì sí okùn ní mítà 5, 10, 15, 20 àti 25, kí ẹ má baà máa méfò nígbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n. Ẹnu okùn kejì gbọ́dọ̀ ti wà ní síso mọ́ òrùka imú ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdákọ̀ró tí wọ́n jù sómi tòun tokùn pọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀sà ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Bí ẹ bá ń so okùn, ẹ fi ẹnu rẹ̀ gba inú òrùka lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá mú ẹnu náà gba abẹ́ ìlọ́po méjèèjì, kí ẹ fà á le, kí ẹ sì tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i mọ́ ara okùn. Kókó yẹn kì í yọ̀, kì í sì í le débi tí ẹ máa fi ọ̀bẹ gé e. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdákọ̀ró ń wọ́, ẹ wo igi kan létí omi àti òrùlé kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n wà lójú ìlà kan. Bí wọ́n bá ń ya kúrò lójú ìlà, ẹ ti ń lọ nìyẹn. Ẹ tú okùn sí i.

Ẹ má so ìdákọ̀ró mọ́ ìdí ọkọ̀ láé, bó ti wù kó rọrùn tó. Afẹ́fẹ́ á kọjú ìgbì sí ibi tó rẹlẹ̀ jù, okùn á sì máa fa ibẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù láti rì nìyẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé: ṣé okùn pupa ṣì wà níbi tó yẹ, ṣé jíà wà láàárín, ṣé ìdè ìdérí tánkì wà ní títú, báwo ni rọ́bà ṣe rí, ṣé koríko tàbí ọ̀rá kò wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnì tó ń yí lábẹ́ omi. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nìkan ti ba ẹ́ńjìnì púpọ̀ jẹ́ lágbègbè yìí. Ẹ́ńjìnì yìí ń fa omi ọ̀sà láti fi tu ara rẹ̀ nínú. Ihò tó fi ń fà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rá kan sì tó láti dí i. Òkè lẹ́yìn, ẹ ó rí ibi tó ń tu omi tín-ínrín jáde bí ẹni ń tọ̀. Bí ìyẹn bá dáwọ́ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń rùn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ yọ ohun tó dí i, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Bí koríko bá wé mọ́ ọn, ẹ fi jíà ẹ̀yìn yí i díẹ̀díẹ̀ kó lè tú ara rẹ̀. Bí kò bá tú, ẹ pa á, ẹ yọ okùn pupa, kẹ́nì kan ṣoṣo na ọwọ́ sí i, kí àwọn yòókù sún síwájú kí ọkọ̀ lè dọ́gba.

Okùn pupa tó lọ́ bí òrùka yẹn, ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ló ti so ó mọ́ ẹ́ńjìnì pátápátá, ó ti di ọ̀ṣọ́. Orúnkún tàbí ọrùn ọwọ́ awakọ̀ ni ibùgbé rẹ̀. Bí awakọ̀ bá ṣubú sómi, okùn á yọ, ẹ́ńjìnì á kú. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọkọ̀ tí kò lẹ́ni tó dì í mú máa ń yí po, abẹ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ á sì padà wá bá ẹni tó ṣubú. Ẹ tọ́jú ọ̀kan mìíràn sínú àpótí, kí àwọn tó kù lọ́kọ̀ lè fi ta ẹ́ńjìnì padà lọ gbé e.

Jákẹ́ẹ̀tì ojú omi ni owó yín kọ́kọ́ tọ́ sí, kó tó kan ìdákọ̀ró pàápàá. Wíwọ̀ ni kí ẹ máa wọ̀ ọ́ láti èbúté dé èbúté, òfin NIWA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi) àti ti LASWA (ti ìpínlẹ̀ Èkó) náà nìyẹn. Èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó kò wúlò. Ọkọ̀ tó bá ń dojú dé kì í fúnni láyè àtidi bẹ́líìtì. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 100N sí lára. Ó ń gbé nǹkan bíi kílò 10 sókè nínú omi, ó sì lè yí ẹni tó dákú kójú rẹ̀ wo òkè bí omi bá dákẹ́. Èyí tó jẹ́ 50N, ẹni tó mọ̀wẹ̀ tí ìrànlọ́wọ́ sì wà nítòsí rẹ̀ ló wà fún. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ gan-an náà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ o, nítorí ẹni tí orí rẹ̀ bá fi gbá etí ọkọ̀ kó tó já sómi ti gbàgbé ìwẹ̀ rẹ̀.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ọ̀nà tí ẹ fi lè dán an wò nìyí: ẹ so irin kílò 8, irú èyí tí àwọn eléré ìdárayá ń gbé, mọ́ ìsàlẹ̀ jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù tó kún fómi, kó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Irin máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ìwọ̀n rẹ̀ lábẹ́ omi, torí náà kílò 7 ló ń fà á wálẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tó pé 100N á ṣì léfòó lówùúrọ̀, pẹ̀lú àyè. Èyí tó bá ti rì, ẹ gé bẹ́líìtì rẹ̀ kí ẹ sì jù ú nù, kí ẹlòmíràn má baà mú un lò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún fóòmù rẹ̀ láàárín ìka: bí omi bá ń jáde láti inú rẹ̀, ó ń mumi bíi kàn-ìn-kàn-ìn. Ẹ má sì fi jákẹ́ẹ̀tì ṣe tìmùtìmù. Fóòmù tí wọ́n ti jókòó lé fún ọdún kan á ti lẹ̀ dànù. Fún ọmọdé, ẹ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ di gbogbo bẹ́líìtì, pàápàá èyí tó gba àárín ẹsẹ̀, kí ẹ wá mú èjìká jákẹ́ẹ̀tì gbé ọmọ náà sókè. Bí àgbọ̀n rẹ̀ bá wọnú ọrùn jákẹ́ẹ̀tì, ó tóbi jù fún un.

Ẹ wo abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ náà. Bí kò bá sí fóòmù tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, ẹ di kẹ́ẹ̀gì lítà 25 òfìfo mẹ́rin síbẹ̀, kí ìdérí wọn le dáadáa, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì líle dè wọ́n mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bíi kílò 24 sókè. Wọn ò ní jẹ́ kí omi má wọlé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó kún fómi á ṣì wà lójú omi, ẹ ó sì rí nǹkan dì mú. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ má fi í sílẹ̀. Etí omi tó dà bíi pé ó wà nítòsí kì í sí nítòsí, ọkọ̀ tó dojú dé sì rọrùn láti rí ju orí èèyàn lọ. Ẹ gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá ṣubú sómi, kí ẹnì kan na ìka sí i, kó má sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Awakọ̀ á dín eré ẹ́ńjìnì kù díẹ̀díẹ̀, nítorí bó bá dá a dúró lójijì, ìgbì tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ á lé e bá láti ẹ̀yìn, á sì wọlé. Kó yí po, kó wá kọjú sí afẹ́fẹ́ bó ṣe ń súnmọ́ ẹni náà, kó sì pa ẹ́ńjìnì nígbà tó bá kù tó gígùn ọkọ̀ kan. Okùn mítà 15 tí a so kẹ́ẹ̀gì lítà 5 òfìfo mọ́ ni ẹ máa jù sí i. Ẹ gbà á wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn, kí àwọn yòókù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bó bá ti dákú tí kò sì mí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má sì rọ epo pupa sí i lọ́nà ọ̀fun, bó ti wù kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ fa ọ̀rọ̀ yẹn tó. Ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu nígbà márùn-ún, kí ẹ wá tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, èémí méjì, 30, èémí méjì, láì dúró títí ẹ fi máa gúnlẹ̀. Ẹni tó jí gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, nítorí mímí lè bẹ̀rẹ̀ sí í ni ín lára lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Oṣù Kẹrin tí ẹ jáde yẹn náà lọ́rọ̀ tirẹ̀. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, àti nínú oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá, ìhà ìlà-oòrùn ni ìjì òjò ti máa ń wá, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ló sì fẹ́ràn. Bí ẹ bá ń ti Ìwópin padà sí Ẹ̀pẹ́, ìwọ̀-oòrùn lẹ kọjú sí. Ẹ̀yìn yín ló ti ń bọ̀! Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa wẹ̀yìn. Bí ìkùukùu dúdú bá gbá jọ lápá ibẹ̀, tí atẹ́gùn dáwọ́ dúró lójijì, tí afẹ́fẹ́ tútù kan wá fẹ́ sí yín lọ́rùn, kò sí àyè àtisáré mọ́. Ẹ yí imú ọkọ̀ padà sí i, ẹ dẹ ẹ́ńjìnì débi tí ọkọ̀ á kàn máa dúró lójú kan, kí gbogbo èèyàn sì jókòó sílẹ̀ pẹrẹsẹ nínú ọkọ̀, kì í ṣe lórí ìjókòó. Ọ̀sà tí kò jìn máa ń dá ìgbì kúkúrú tó ga ṣánṣán, wọ́n sì máa ń tẹ̀ lé ara wọn kánkán. Bí ẹ́ńjìnì bá kú nínú rẹ̀, ẹ ju ìdákọ̀ró láti imú, kí ẹ tú okùn sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ju wákàtí kan lọ kí agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó rọlẹ̀. Ó sàn kí ẹ tètè jáde láàárọ̀, kí ẹ sì ti padà dé kó tó di aago méjì ọ̀sán. Nínú ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, òwúrọ̀ gan-an ló burú, nítorí kùrukùru. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí òdìkejì.

Kí ẹ tó jáde, ẹ fi orúkọ gbogbo èrò, ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa dé sílẹ̀ fún ẹnì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kì í gbàgbé nǹkan. Ẹ fi fóònù méjì sínú ọ̀rá tómi ò lè wọ̀, kí wọ́n má jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. 112 ni nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì. Lápá Ẹ̀pẹ́, 767 náà ń ṣiṣẹ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ̀, ẹ fọn fèrè ara jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa gbé e sókè sódò jẹ́jẹ́. Atukọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ mọ̀ pé ìkìlọ̀ ewu nìyẹn, kò ní rò pé ẹ ń kí òun. Àjẹ̀ méjì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì onímùú tí a so okùn mọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ láé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pípadà lálẹ́. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ máa ń rọlẹ̀ bí oòrùn bá wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é. Àwọn aláṣẹ ojú omi fòfin de ìrìn òru, ìdí rẹ̀ sì wà lójú omi yẹn gan-an. Gẹdú tí wọ́n ń dì pọ̀ wọ́ lọ sí ìhà Èkó máa ń já sílẹ̀. Èyí tó bá ti mumi yó á fara sin, díẹ̀ báyìí lára rẹ̀ á yọ lójú omi. Bí ọkọ̀ yín tó ń sáré kílómítà 30 ní wákàtí kan bá kọlù ú, ó lè lu fáíbà tàbí kó ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì. Igi àkàjà wà níbẹ̀, àwọ̀n wà níbẹ̀, àti láwọn ibì kan páìpù àwọn tó ń wa yanrìn. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní iná lára. Lásìkò òjò, Odò Ọ̀ṣun náà tún ń kó igi àti koríko wá sínú ọ̀sà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí ẹ ṣì wà ní Ìwópin, ẹ wá ibi sùn síbẹ̀, ẹ pe ẹni tó ń retí yín nílé pé aago ti yí padà, kí ẹ sì tú okùn láàárọ̀ nígbà tí ẹ bá lè rí igi tó wà lójú omi ní ọgọ́rùn-ún mítà.